Ṣọ́ọ̀bù tó gbé ohùn Màmá àgbà kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì: iṣẹ́ dáa o, àmọ́ ẹ tètè kìlọ̀ fún wọn

Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó fẹ́ kó sórí fóònù, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ àwa àti wọn ò tíì tán.

Kásẹ́ẹ̀tì tiwa, bàbá mi ló gbà á sílẹ̀ ní abà, ìyá wọn ló ń sọ bí àwọn ṣe kúrò ní Ìkìrun lọ dáko kòkó nínú igbó lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó. Téèpù ọ̀kan ti já, wọ́n tú u, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un wé sínú kásẹ́ẹ̀tì míì, ohùn Màmá sì jáde bí ẹni tó jókòó tì yín. Owó wọn ò pọ̀jù lójú tèmi, ṣebí C-90 ni, kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90, odindi ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n á fi jókòó tì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ìyà o. Màmá ní ahéré onímọ̀-ọ̀pẹ làwọn ń sùn, òjò ń jo lé àwọn lórí, kòkó kan sì rèé, ọdún 5 lè kọjá kó tó so, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn kó lè ṣíji bò ó náà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, débi pé àwọn ọmọ á bú sẹ́kún tí wọ́n bá ti ṣí ìkòkò rí kókò. Kòkó wá so tán, onílẹ̀ dé fún ìṣákọ́lẹ̀, kòkó gbígbẹ ni wọ́n ń wọ̀n fún un lọ́dọọdún, ẹni tó yá wọn lówó náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí ní 1968 sí 1969, wà lójú kejì, àwọn ọkùnrin ń sùn sínú igbó nítorí agbowó-orí, Màmá á gbé oúnjẹ sábẹ́ aṣọ ìdọ̀tí bí ẹni ń lọ fọṣọ lódò.

Ibi tí wọ́n ti múnú bí mi nìyí: wọ́n ní ariwo pọ̀ nínú ẹ̀ làwọn bá fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́. Ta ló rán yín? Adìẹ lọ, odó lọ, òjò orí páànù lọ. Ibi tí Màmá ti dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé orí ọmọ wọn tí ìgbóná mú lọ, òjò yẹn là ń gbọ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní báyìí àbúrò mi rò pé fóònù ló kú. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn ṣì wà, àmọ́ kí n sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀. Owó kí ni jàre?

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sọ pé méjèèjì lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n fọ̀ àtèyí tí wọn ò fọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé fláàṣì tiyín dání, tiwọn wọ́n.