Ìwé gíráàfù aláwọ̀ ewé tí mo rà lẹ́bàá ọjà Òkè-Àjé: ó dára fún ẹni tó ń ka àpótí, kò dára fún ẹni tó ń lo rúlà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kejì, mo ra ìwé gíráàfù méjìlá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 tí mo ń kọ́ ní físíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀bù ìwé kan tí kò jìnnà sí ọjà Òkè-Àjé ni mo ti rà wọ́n, ₦1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogójì ewé ló sì wà nínú ìwé kan. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà tàbí ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ rí yóò mọ̀ ọ́n: èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tábìlì ìsọdipúpọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ tó fẹ́ jókòó ìdánwò WAEC ṣì nílò kí wọ́n rán an létí iye tí ẹ̀ẹ̀méjì méjì jẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni ìlà inú rẹ̀, tó kúná bí gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àmì pẹ́ńsùlù fi ń hàn kedere lórí rẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé gíráàfù olówó pọ́ọ́kú, níbi tí ìlà ti nípọn débi pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìwé súnmọ́ ojú kó tó rí àmì tí ọmọ fi sí i. Bébà rẹ̀ náà lágbára. Mo fi kílínà pa ojú kan náà rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ya, kò sì dá ihò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ẹni tó ń ya gíráàfù lè ti to gbogbo àmì rẹ̀ tán kó tó rí i pé ìdíwọ̀n tí òun yàn, ìyẹn iye tí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún, kò gba àmì tó kẹ́yìn, yóò sì ní láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátá.

Ìdánwò pẹ́ndúlọ̀mù ni mo fi dán ìwé náà wò. A so irin rogodo mọ́ òwú, a lo gígùn òwú márùn-ún, láti mítà 0.2 dé mítà 1.0, a sì ń ka ìmìlọ-mìbọ̀ ogún kí a tó tẹ aago dúró, nítorí pé ẹni tó bá wọn ẹyọ kan ṣoṣo, ìyára ìka ara rẹ̀ ló ń wọ̀n. Nígbà tí òwú gùn tó mítà 1.0, ogún náà gba ìṣẹ́jú-àáyá 40.2. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi 20 pín in, yóò fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò sì gba nǹkan bíi 4.04, èyí tí yóò fi sí ìlà òró, nígbà tí gígùn òwú yóò wà ní ìlà ìbú. Tí a bá fi sílóòpù ìlà tí a fà gba àárín àwọn àmì náà, ìyẹn bí ó ṣe ń gòkè tó fún mítà kọ̀ọ̀kan, pín 39.5, tí í ṣe 4π², iye g, ìyẹn agbára òòfà ilẹ̀ níbi tí a wà, ni yóò jáde.

Ibí yìí ni àléébù ìwé náà fara pamọ́ sí. Àpótí ńlá kọ̀ọ̀kan yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, kí mẹ́sàn-án tó wà ní ìbú ewé jẹ́ 18, kí méjìlá tó wà ní òró sì jẹ́ 24. Mo fi rúlà irin wọ̀n wọ́n: òró pé 24 géérégé, ṣùgbọ́n ìbú kò ju 17.6 lọ. Ẹni tó bá ń ka àpótí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe, nítorí pé inú àpótí ni ìdíwọ̀n rẹ̀ wà, kì í ṣe inú sẹ̀ǹtímítà, bí àpótí bá sì ti dọ́gba láàárín ara wọn, wọn ì báà kéré díẹ̀, sílóòpù kò ní yí padà. Mo yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n dọ́gba.

Àmọ́ ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ó yan mítà 0.2 fún àpótí ńlá kan ní ìbú, ó ṣírò pé mítà 1.0 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó gbé rúlà lé ewé láti òdo, ó sì fi àmì sí 10, nígbà tí ìlà àpótí karùn-ún ti wà ní nǹkan bíi 9.8. Àmì rẹ̀ fi díẹ̀ ju àpótí kékeré kan lọ kọjá ibi tó yẹ kó wà. Nígbà tó tún padà ka àpótí láti wá sílóòpù, g tirẹ̀ di 10.0, nígbà tí ọmọbìnrin tó jókòó tì í gba 9.8 láti inú òǹkà kan náà. Inú rẹ̀ dùn gan-an, nítorí pé 10 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn nínú ìṣirò. Ó gbà pé òun ló yege. Ó gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú kí n tó yí i lọ́kàn padà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ya gíráàfù kan sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n fa ìlà láti àmì kan dé èkejì wọ́rọ́kọ bí ọ̀nà oko, wọ́n sì wọ́ ìparí rẹ̀ lọ bá òdo tipátipá. Àmì kọ̀ọ̀kan ló ní àṣìṣe ojú àti ọwọ́ díẹ̀ nínú; ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ìlà tààrà kan ṣoṣo gba àárín wọn, kí àwọn kan wà lókè, kí àwọn kan wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òdo yẹn ló tún burú jù. Ọmọ tó wọn òwú dé orí irin rogodo, tí kò wọ̀n ọ́n dé àárín rẹ̀, ìlà rẹ̀ yóò gé ìlà òró díẹ̀ lókè òdo, sílóòpù rẹ̀ yóò sì tọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fipá wọ́ ìlà náà wá sí òdo, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ tó dára jẹ́.

Mo padà lọ bá ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ìwé yìí kò pé ní ìbú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tíṣà, gíráàfù ni gíráàfù ń jẹ́ o," ṣùgbọ́n wọ́n mú rúlà tiwọn jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n mú oríṣi mìíràn wá fún mi tó pé 18 nítòótọ́, ó fi ₦300 wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, bébà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé kílínà dá a lu nígbà kejì. N kò rà á.

Mo ṣì ń lo ti aláwọ̀ ewé. Kí n tó pín wọn fún àwọn ọmọ, mo fi abẹ gé ewé tó kẹ́yìn yẹn kúrò lára ìwé méjèèjìlá.