Cycloheximide lórí sẹ́ẹ̀lì tó ń di iṣan: ibi tó ti dára, àti ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Tí sẹ́ẹ̀lì C2C12 (sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ń sìn ní láàbù, tó lè di iṣan) bá ti fẹ́ di iṣan, kì í ṣe pé ó kàn ń ṣe purotéènì tuntun. Ó tún ń palẹ̀ àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí purotéènì kan ṣe ń yára pòórá tó, cycloheximide ni ọ̀pọ̀ láàbù máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ara kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Streptomyces griseus ni wọ́n ti rí i. Ó máa ń há sínú ríbósóòmù, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní jẹ́ kó lè sún síwájú lórí mRNA, ìwé àṣẹ tó ń kà, mọ́. Purotéènì tuntun ò wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ la ó wá máa wò bó ṣe ń dínkù.

Fún purotéènì tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ẹ fi MyoD, purotéènì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì láti di iṣan, dán an wò: láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹ po lẹ́búlẹ́bú cycloheximide sínú DMSO (omi tó ń tú oògùn), kó jẹ́ 50 mg nínú mL kan, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, kẹ́ ẹ sì gbé e sí -20°C. 2 µL rẹ̀ nínú mL kan oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì yóò fún yín ní 100 µg/mL. Àwo kan gbọ́dọ̀ gba 2 µL DMSO lásán nínú mL kan, fún ìfiwéra. Ẹ kó sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30, 60 àti 120. Ẹ da oúnjẹ rẹ̀ nù, ẹ fi PBS (omi oníyọ̀) tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ da omi SDS (èròjà bí ọṣẹ tó ń tú sẹ́ẹ̀lì) tó gbóná tó 95°C lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lo omi ìtúsẹ́ẹ̀lì tí kò le, àwọn ohun tó ń gé purotéènì lè máa bá iṣẹ́ lọ nínú ike yín, MyoD yóò sì dà bí ohun tó tètè lọ ju bó ṣe rí lọ.

Májèlé ni lẹ́búlẹ́bú yìí. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, èyí tí wọ́n ti pò tán ló sàn, kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má pò ó sínú omi tí pH rẹ̀ ga, torí yóò bàjẹ́.

Ìṣòro rẹ̀ tó le jù ni pé kò mọ̀ nípa pípín sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ ká ní sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì ní wákàtí 20 síra, tí purotéènì kan nínú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ dé ìdajì ní wákàtí 20 bákan náà. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dínkù: ó ń bàjẹ́, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì sì ń pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá fi síírọ́ọ̀mù ẹṣin 2% rọ́pò oúnjẹ tẹ́lẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì ṣíwọ́ pípín, ọ̀nà kejì ti dí nìyẹn. Bí ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà, purotéènì náà yóò gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìlọ́po méjì. Cycloheximide yóò sọ pé bó ṣe ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 0 náà ló ṣe ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 4. Òótọ́ ló sọ. Àwa la máa ń sáré parí èrò sí pé mRNA ló pọ̀ sí i. Ẹ ka iye sẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ensáìmù tó ń so ubiquitin (àmì pé kí wọ́n run ún) mọ́ purotéènì yín lè jẹ́ ẹlẹ́mìí kúkúrú fúnra rẹ̀. Bí ìṣẹ̀dá bá dúró pẹ́, òun náà á tán, ohun tó yẹ kó bàjẹ́ á wá dà bí èyí tó lágbára. Àwọn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ jù. Ẹ má sì fi actin, purotéènì tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìfiwéra, ṣe òṣùwọ̀n, nítorí irú actin tí sẹ́ẹ̀lì ń lò máa ń yí padà bó ṣe ń di iṣan. Ẹ fi Ponceau S, aró pupa kan, kun gbogbo purotéènì orí mẹ́ḿbéréènì, ìwé pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ gbé purotéènì sí láti fi western blot wò ó.

Ẹ ṣe àwo kan tó ní MG132 10 µM pẹ̀lú cycloheximide; MG132 máa ń dá proteasome, ẹ̀rọ tó ń gé purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, dúró. Bí MyoD bá dúró níbẹ̀, proteasome ló ń jẹ ẹ́.

Fún purotéènì tó ń lọ láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ ra cycloheximide. Fún myosin, purotéènì iṣan tó ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ fi í sílẹ̀: sẹ́ẹ̀lì yóò ti máa kú kí ìlà myosin tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lórí fíìmù western blot. Amino acid tó wúwo (èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí purotéènì tuntun) àti mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo rẹ̀, ló lè ṣe ìyẹn.