Ọ̀bẹ irin dúdú tí mo rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Òṣogbo: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ irin dúdú, ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ká mi lára jù bẹ̀rẹ̀: ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀bẹ yín sórí gíráńdà, maṣíìnì tí wọ́n fi ń lọ irin, láìsí omi, ì báà jẹ́ ìsọ̀ tí wọ́n ti rọ ọ́ gan-an.

Oúnjẹ ni mo ń tà, mo sì ń bá wọn se oúnjẹ ìnáwó káàkiri Òṣogbo, láti Òkè-Baálẹ̀ títí dé Òkìnní. Ìsọ̀ tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí Ọjà Ọba, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. ₦14,000 ni mo ra ọ̀bẹ wọn. Mo mọ̀ pé ₦2,500 ni wọ́n ń ta ọ̀bẹ dídán tí kì í dógùn-ún lọ́jà Olúọdẹ, mo sì ti lo irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kẹ́ ẹ tó gé àlùbọ́sà apẹ̀rẹ̀ kan tán, ẹ ó ti máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, omi á máa dà lójú yín, torí ọ̀bẹ tó ti kú ń fọ́ àlùbọ́sà ni, kì í gé e. Ti alágbẹ̀dẹ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí mo fi rẹ́ kì í ṣá létí. Ṣàkì tó máa ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, wẹ́rẹ́ ló ń gbà á. Tí mo bá ń fi í bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo máa ń gbàgbé pé mo mú nǹkan lọ́wọ́.

Ìyàwó bàbá tó ni ìsọ̀ ló ń gbowó. Lọ́jọ́ tí mo rà á, ó ṣèlérí fún mi pé ìgbàkígbà tó bá kú, kí n gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa bá mi pọ́n ọn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń pọ́n ọn nílé lórí òkúta. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ mi kò dilẹ̀, mo bá gbé e lọ bá wọn ní Ọjọ́bọ̀.

Bàbá kò sí níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ki nǹkan bọ etí tó ń gbọ́ orin, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Mọ́mì, ìṣẹ́jú kan báyìí.” Mo rò pé yóò bu omi, yóò gbé òkúta. Àfi bó ṣe yí padà tó tan gíráńdà tí wọ́n fi ń lọ ẹnu géètì, ó sì gbé ẹnu ọ̀bẹ mi lé e. Iná ń ta pàrà. Mo dúró tì í, mi ò mójú kúrò lára irin náà. Ó kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó di àwọ̀ àlùkò, kí n tó lanu ó ti di aró láti àárín dé ṣóńṣó. Mo pariwo, “Da omi sí i! O ti ń jó o!” Kò tilẹ̀ yọ nǹkan etí rẹ̀. Nígbà tó pa maṣíìnì, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ wò ó mà, ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, aró wo ló wà lára ẹ̀ yìí?” Ó ní, “Iná ni mà. Tẹ́ ẹ bá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, á lọ.”

Ó lọ lóòótọ́. Àwọ̀ nìkan ló lọ.

Ìdájí Sátidé ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀bẹ mú fún àlùbọ́sà díẹ̀, àmọ́ a ò tíì gé àpò kan dé ìdajì tó fi kú. Mo nà án lórí òkúta, ó jí. Kò pẹ́, ó tún kú. Nígbà tó wá kan oríkèé adìyẹ, ẹnu rẹ̀ ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi èékánná wọ́ ọ, ibi tó ká náà ń kọ́ mi léèékánná láti àárín títí dé ṣóńṣó, ibi tí aró hàn sí gẹ́lẹ́. Ọ̀bẹ dídán tí ọmọbìnrin tó ń bá wa fọ abọ́ mú wá láti ilé ni mo fi parí iṣẹ́. Oúnjẹ dùn, àwọn àlejò jẹ, wọ́n yó, wọn ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ ọ̀tún mi wú títí di ọjọ́ kejì.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó bàbá ni mo bá. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi já a gbà mọ́ mi lẹ́nu: “Ẹ̀yin alásè, egungun lẹ fi gé.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, oríkèé ni, kì í ṣe egungun. Oríkèé tí mo ti fi í gé kẹ́ ẹ tó gbé e sórí maṣíìnì kò lóǹkà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.” Ó ní, “A kì í dá owó padà níbí.” Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì bèèrè owó! Mo ní kó bá mi pe bàbá. Ó ní bàbá ń sinmi. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí wà níbẹ̀, ó ń tẹ fóònù, kò kí mi, kò wojú mi. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀bẹ lọ. Kí èèyàn ba nǹkan oníbàárà jẹ́, kó má sì lè la ẹnu sọ pé “ẹ máà bínú”! Mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀. Ohùn mi ti ròkè, àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò wá, kí bàbá tó jáde sí wa láti ẹ̀yìn ilé.

Bàbá ti dàgbà. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó mú fáìlì kan, ó fà á lẹ́nu ọ̀bẹ níbi tó súnmọ́ èékù. Fáìlì yọ̀, ó dún ṣíì, kò jẹ irin náà. Ó sún un wá sí àárín. Fáìlì jẹ ẹ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, èérún irin sì ń dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ yẹn sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. “Kí lo rí?” Ọmọ náà dákẹ́. “Irin rírọ̀ lo rí. O ti pa á.” Ó wá yíjú sí mi: “Ìyá olóńjẹ, ẹ jókòó. Ẹ máà bínú. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.”

Ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ń ta nǹkan fún yín jẹ́ kẹ́ ẹ rí inú rẹ̀.

Súpíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi rọ ọ̀bẹ náà. Kábọ́ọ̀nù (èròjà kan náà tó wà nínú èédú) inú irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń tó bíi 0.6%. Ti fáìlì máa ń ju 1% lọ, ìdí nìyẹn tí fáìlì fi le tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún yá kán. Irin ìkọ́lé lásán kì í sábà ju 0.2% tàbí 0.3% lọ. Ẹ ó ní kékeré ni, àmọ́ kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí irin le nígbà tí wọ́n bá mú un pọ́n nínú iná tí wọ́n sì rì í lójijì. Bàbá ní àwọn èèyàn máa ń gbé ọ̀pá irin ilé wá pé kí òun fi rọ ọ̀bẹ fáwọn, pé ṣebí Òṣogbo ní ilé iṣẹ́ irin tiẹ̀. Ó ní irin ìkọ́lé ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún. Ẹ rọ ọ́ títí, ẹ pọ́n ọn títí, ẹnu rẹ̀ kò ní mú pẹ́ láéláé.

Ó kó èédú jọ. Fáànù kékeré kan ló rọ́pò ẹwìrì, ó ń fẹ́ná láti abẹ́. Ó so mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ wáyà, ó ń fi í kan ọ̀bẹ nínú iná lóòrèkóòrè. Nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì kò fa irin náà mọ́ (bíi 770°C nìyẹn), ó jẹ́ kó gbóná sí i díẹ̀, ó sì rì í sínú agolo òróró, ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú. Iná sọ lójú òróró, èéfín kún ìsọ̀. Ó fà á jáde, ó fi fáìlì kàn án: fáìlì ń yọ̀ láti èékù dé ṣóńṣó. Mo dìde láti gbà á. Ó ní, “Rárá o. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín báyìí, ṣe ni yóò fọ́ bí àwo tánganran.”

Ó fi sáńpépà fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé irin ńlá kan tó ti gbóná, ẹnu rẹ̀ wà lókè. Ó pe ọmọ iṣẹ́ náà wá, ó ní kó wo ibẹ̀ dáadáa. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ bọ̀ wá sí ẹnu: rúsúrúsú ló ṣáájú, àlùkò tẹ̀ lé e, aró wà lẹ́yìn. Bí rúsúrúsú ṣe fọwọ́ kan ẹnu ọ̀bẹ ni bàbá fi ẹmú gbé e, ó rì í sómi. Àwọ̀ tí mo rí lórí gíráńdà ni mo tún rí yìí, ibi tí kálukú wà ló yàtọ̀. Ẹnu tó bá dúró sí rúsúrúsú, bíi 200°C sí 230°C, yóò le, kò sì ní máa kán. Aró jẹ́ bíi 300°C. Ó dára lẹ́yìn ọ̀bẹ, níbi tí irin ti gbọ́dọ̀ rọ̀ díẹ̀ kó lè gba wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá dé ẹnu, ọ̀bẹ ti tán. Ẹnu ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, kò ní irin púpọ̀ tí ooru lè sá wọ̀, ìdí nìyẹn tí gíráńdà fi lè bà á jẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Fífọ̀ kò lè dá a padà, pípọ́n kò lè dá a padà. Inú iná ló gbọ́dọ̀ padà sí.

Bàbá ní kí ọmọ náà bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ máà bínú mà.” Mo ní kó dìde. Ìyàwó bàbá gbé omi tútù wá fún mi, kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ.

Ọ̀bẹ náà wá dára ju bí mo ṣe rà á lọ, mo sì ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Mo fi í gé ata, àlùbọ́sà àti ẹran ìnáwó kan láti ìdájí di ọ̀sán, òkúta ni mo kàn fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mọ irú ohun tẹ́ ẹ ń mú wọlé. Ọ̀bẹ dídán ní ohun tí wọ́n ń pè ní chromium nínú, ó kéré tán 10.5%, òun ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Èyí kò ní irú ààbò yẹn, nítorí náà yóò dúdú. Àlùbọ́sà, tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sọ ọ́ dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlùbọ́sà funfun tẹ́ ẹ bá fi gé lè yí àwọ̀ díẹ̀, kó máa rùn irin, àmọ́ bí ọ̀bẹ bá ti dúdú délẹ̀, ìyẹn á dáwọ́ dúró. Dúdú yẹn ń dáàbò bò ó, ẹ má fi kànìnkànìn onírin há a kúrò. Ìpẹtà pupa lẹ máa sá fún. Bẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ má jù ú sínú báfù omi mọ́jú, pàápàá lásìkò òjò. Tí ẹ ò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi àdín àgbọn pa á; òróró ẹ̀pà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tó bá pẹ́. Ẹ má fi gé ẹja tó dì gan-an nínú fìríìsà, ẹnu rẹ̀ lè kán. Òkúta àti omi ni kẹ́ ẹ fi pọ́n ọn. Bí òkúta kò bá sí nítòsí, ìsàlẹ̀ àwo tánganran, ibi tí kò dán yẹn, á gbà yín sílẹ̀.

Inú mi kò dùn sí àkọ̀ rẹ̀. Awọ ni, ó ń mu omi pamọ́, ó sì ti fi ìpẹtà pupa sára ọ̀bẹ mi láwọn ibì kan. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ fún oníbàárà pé ìrìn àjò nìkan ni àkọ̀ wà fún. Èékù rẹ̀, igi àpá ni, ó lẹ́wà, ó sì gba ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àyè kékeré wà níbi tí irin ti wọnú igi, omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìda oyin ni mo yọ́ dí i. Ní ₦14,000, wọn ì bá ti dí i fún mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń fi gíráńdà yẹn lọ ọ̀bẹ ẹlòmíì lẹ́nu ọ̀nà, n kò rí omi nítòsí, obìnrin tó ni ọ̀bẹ sì dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Mo sọ fún ìyàwó bàbá náà, ó ní òun ti gbọ́. Mo ti san owó sílẹ̀ fún ọ̀bẹ kékeré tí màá fi máa bẹ iṣu. Bàbá ló máa rọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì ti bèèrè ọjọ́ tó máa wà ní ìsọ̀ kí n tó wá gbà á.