Òpin ọ̀sẹ̀ aṣọ alábùlẹ̀ ní Bwari: alẹ́ tí wọ́n paná lé sányán lórí

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ Sátidé kò tíì lù. Màmá kan nínú wa tẹ́ ìró sányán ìyá wọn tó ti dolóògbé sórí tábìlì. Wọ́n gbé rúlà lé e, ọ̀bẹ roboto tó ń yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gé e lọ. Gbà, iná kú. Kí a tó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ọ̀bẹ ti ya kúrò lára rúlà, ó ti gé sányán náà wọnú tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀, wọ́n ń rà á, wọ́n ń rà á.

Èmi ni mo kó àwa mẹ́sàn-án jọ láti rán aṣọ alábùlẹ̀, ìyẹn ègé aṣọ oríṣiríṣi tí a rán pọ̀ di odindi. Láti ọdún 2022 ni mo ti ń ṣètò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, láti Friday títí di Sunday: kò sí ọkọ, kò sí ọmọ, aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan. Ilé àlejò tí a lò lọ́tẹ̀ yìí wà lójú ọ̀nà Bwari, bí ẹ bá ti kọjá Ushafa. Yàrá kan ₦18,000 lálẹ́ kan, gbọ̀ngàn ₦40,000. Yàrá mọ́, bẹ́ẹ̀dì dára, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá mánéjà sọ ṣáájú ohun gbogbo. Ẹni tí kì í rán aṣọ alábùlẹ̀ lè rò pé ẹ̀rọ ló ń jẹ iná. Rárá o, áyọ́ọ̀nù ni. Gbogbo ojú ìrán tí ẹ bá ti rán, ẹ gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó rán òmíràn mọ́ ọn, nítorí etí aṣọ tí a ń fi sílẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ. Bí ó bá ṣẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìlà kẹwàá, igun kò ní í bá igun mọ́. Áyọ́ọ̀nù kan ń gba nǹkan bíi wáàtì 1,000, mẹ́rin la sì ní. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i lórí WhatsApp. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, Band A la wà." Band A, tó yẹ kí iná wà níbẹ̀ fún wákàtí 20 lójúmọ́! Mo tún san ₦15,000 fún dísù, kí jẹnẹrétọ̀ lè ṣiṣẹ́ di agogo méjìlá òru bí wọ́n bá mú iná lọ. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn la sì ń lò nígbà tí iná kú lálẹ́ Sátidé. Mo bá mánéjà nídìí káńtà, ó ń jẹ ìrẹsì.

"Ẹ má bínú, mà, dísù ló tán."

Mo ní, "Àbúrò, dísù ₦15,000 tán ní wákàtí méjì?"

Ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun pa á. Ó tún yí i, ó ní áyọ́ọ̀nù wa ló ń mú jẹnẹrétọ̀ kérora. Nígbà tí mo fi ohun tó kọ hàn án lórí fóònù, ó ní kì í ṣe òun ló kọ ọ́, ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Ọmọ Yorùbá ni o, ó mọ ohun tí sányán jẹ́. Mo ní kó wá wo Màmá. Kò dìde.

Mállàm tó ń ṣọ́ géètì ló dìde. "Hajiya, a yi hakuri," ìyẹn ni pé kí n ṣe sùúrù. Ó gbé làńtánì sólà méjì wá, ọ̀kan láti inú yàrá tirẹ̀. Ó lọ, ó tún dé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ti finá sí. Kò jẹ́ ká gbé e lé aṣọ wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ó fi àkísà nu ìdí rẹ̀, ó fi lọ etí kaftani ara rẹ̀, ó gbé aṣọ náà sún mọ́ làńtánì bóyá eérú wà níbẹ̀, kó tó gbé e fún wa. Àwọn méjì tó gbé Butterfly ọlọ́wọ́ wá, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò nílò iná, kò tilẹ̀ dúró; wọ́n ń yí i lọ ní tiwọn.

Ó wo bí a ṣe to aṣọ ní ipele mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín, alábùlẹ̀ lókè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní lifidi nìyí. Ará Kano ni. Lifidi ni ẹ̀wù ogun tí àwọn Hausa ń wọ̀ fún ẹṣin, aṣọ aláràbarà tí wọ́n ki òwú rimi, igi àràbà wa náà, sí nínú, tí wọ́n wá rán pọ̀ kí ọfà má bàa wọlé. Ó ti rí i lára ẹṣin nígbà Hawan Sallah, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ọjọ́ ọdún. Gbogbo ọdún tí mo fi ń rán nǹkan yìí, ti òyìnbó ni mo pè é!

Lábẹ́ làńtánì yẹn ni Màmá ti ní ká gé sányán náà já pátápátá níbi tí ọ̀bẹ ti yà, ká rán àdìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn ṣe máa ń múra, gèlè aró lórí sányán. A kò sùn títí di agogo méjì òru, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé mánéjà.

Omi kò yọ láàárọ̀ Sunday títí di agogo mẹ́jọ, nítòsí Ushafa níbi tí adágún Lower Usuma tó ń fún Àbújá lómi wà. Ìyẹn kò dára. Masa (àkàrà ìrẹsì) àti miyan taushe (ọbẹ̀ elégédé) wọn dára gan-an. Mánéjà dá ₦10,000 padà nínú owó dísù, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí ₦5,000 tó kù lọ. Kò tíì lọ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kó èèyàn lọ síbẹ̀, tábìlì gbọ̀ngàn wọn rẹlẹ̀ jù fún gígé aṣọ. Ẹ ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn á máa ro yín. Ẹ mú áyọ́ọ̀nù eléèédú kan dání.

Máàkì: mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti san àsansílẹ̀ fún oṣù kọkànlá. Kí n tó fi owó náà ránṣẹ́, mo kọ́kọ́ pè wọ́n láti bèèrè bóyá Mállàm ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.