Ẹ ṣọ́ra fún káàdì Rashidi Yekini "tó ní ègé jẹ́sì nínú" tí wọ́n ń tà kiri ní Abuja!

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń kó káàdì bọ́ọ̀lù jọ ní Abuja, Kaduna, Jos, Minna àti gbogbo Òkè Ọya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦380,000 ló lọ. Kì í ṣe owó ọtí, kì í ṣe owó fàájì. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún bátìrì inverter ilé wa ni, ìyàwó mi sì mọ̀ nípa rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ibi tí owó náà wọlé sí, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Káàdì tí mò ń sọ nìyí. Àwòrán Yekini wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gé ojú fèrèsé kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, ègé aṣọ aláwọ̀ ewé sì wà nínú fèrèsé yẹn. Wọ́n ní ara jẹ́sì tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ni, ní Dallas, 21 oṣù Kẹfà 1994, ọjọ́ tí a na Bulgaria ní 3-0. Ìbuwọ́lù báírò dúdú wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ 09/25 sí igun rẹ̀, ìyẹn ni pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni wọ́n tẹ̀, tèmi sì ni ìkẹsàn-án. Orúkọ Upper Deck, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń tẹ káàdì, wà lára rẹ̀, ọdún 1994 sì wà lẹ́yìn.

Ta ló máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní fà sí i? Yekini tó ki apá méjèèjì bọ inú àwọ̀n lọ́jọ́ yẹn, tó ń ké! Kaduna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL kí ó tó lọ sí Shooting ní Ìbàdàn. Àwa Yorùbá tí a ń gbé Òkè Ọya, tiwa gan-an ni ọkùnrin yẹn.

Orí Facebook ni mo ti rí i. Olè náà kọ̀wé sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú déédéé ìwòyí o." Ó ní ọmọ Ìrá ni òun, ní Kwara, ìlú tí wọ́n sin Yekini sí. Ó ní àbúrò bàbá òun wà lára àwọn tó tẹ̀ lé ikọ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà, pé ọwọ́ rẹ̀ ni káàdì náà ti wá. Yorùbá ló ń bá mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abuja mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá níbi iṣẹ́, tí ẹnìkan wá pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ara mi balẹ̀. Ohun tó sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ilé oúnjẹ kan ní Wuse 2 la ti pàdé. Mo débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo àwọn tó ń jẹun. Ẹni tó fẹ́ jà mí lólè ló dọ̀bálẹ̀ kí mi! Ó tú aṣọ funfun tó fi wé káàdì náà, ó gbé e lé orí tábìlì. Inú ike tó nípọn, tó ń dán, ló wà. Mo ní kí ó ṣí i kí n wò ó dáadáa. Ó ní rárá, pé atẹ́gùn máa jẹ́ kí ìbuwọ́lù náà ṣá. Mo gbà. Mo bi í léèrè ẹ̀rí, ló bá yọ ìwé ẹ̀rí kan tó ní òǹtẹ̀ dídán tó ń yí àwọ̀ padà, irú èyí tó máa ń wà lára káàdì ATM. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí n lè gbọ́. Ẹnìkan ní Èkó ń pariwo pé òun máa san ₦450,000, kí ó jọ̀ọ́, kí ó má tíì tà á. Ó wá wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ṣèlérí fún. Ẹ mú 380 wá, kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ará ìta."

Orí ìjókòó níbẹ̀ ni mo ti fi owó ránṣẹ́. Orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì náà kì í ṣe orúkọ tó sọ fún mi. Ó ní ti ìyàwó òun ni. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé orúkọ kò bára mu, mo sì tẹ PIN!

Àbúrò kan ní Kaduna tí a jọ máa ń pààrọ̀ káàdì ni mo kọ́kọ́ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Mò ń retí kí ó bá mi yọ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún wo lẹ rí lẹ́yìn rẹ̀?" Mo ní 1994. Ó ní ní 1994, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń gé aṣọ sínú káàdì. 1996 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀: Press Pass fi ègé táyà ọkọ̀ ìdíje sínú tiwọn, Upper Deck fi ègé jẹ́sì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sínú tirẹ̀. Lóòótọ́ Upper Deck tẹ káàdì Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1994, ṣùgbọ́n páálí lásán ni, kò sí aṣọ nínú ọ̀kankan.

Mi ò gbà. Inú bí mi sí ọmọ náà, mo ní ìlara ló ń ṣe é. Mo gbé káàdì lọ sọ́jà Wuse, sọ́dọ̀ màlọ́ọ̀mù kan tó ń tún aago ṣe, mo yá dígí tó máa ń fi sójú, mo sì fagídí ṣí ike yẹn. Báírò gidi máa ń jókòó lórí káàdì. Ẹ máa rí ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ àti ibi tó ti fò ó. Èyí tó wà lára tèmi, tóótòòtó kéékèèké ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ ìbuwọ́lù náà pọ̀ mọ́ àwòrán. Àwọn lẹ́tà ẹ̀yìn káàdì pàápàá, tóótòòtó ni, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà dúdú tí ilé-iṣẹ́ gidi bá tẹ̀ máa ń ki, etí rẹ̀ a sì mọ́. Gọ́ọ̀mù ti yọ jáde ní etí fèrèsé. Mo fi abẹ́rẹ́ fa aṣọ inú rẹ̀ jáde díẹ̀. Aṣọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni! Irú èyí tí wọ́n ń gé ní ọ̀pá-ọ̀pá lọ́jà yẹn kan náà!

Ìwé ẹ̀rí náà ló wá pa mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yekini buwọ́ lu káàdì yìí ní oṣù Kẹta 2013. Yekini kú ní 4 oṣù Karùn-ún 2012. Mo rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde, mo rántí ibi tí mo dúró sí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Òkú ni wọ́n ní ó fọwọ́ sí káàdì fún mi, mo sì ka ìwé yẹn ní Wuse 2, mo ní ó dáa. Báwo ni mo ṣe ka 2013 tí ọkàn mi kò sọ nǹkan kan? Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀ sí i.

Mo ti bá ara mi wí tó. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló ṣe mí. Lóòótọ́ mo rò pé iye rẹ̀ máa lọ sókè, ta ni kì í ro bẹ́ẹ̀? Ní Amẹ́ríkà tí òwò yìí ti gbó, nígbà tí FBI ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, wọ́n bá bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n ní Mother Teresa fọwọ́ sí. Mother Teresa! Ibi tí wọ́n ti mọ òwò yìí dáadáa ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ṣé èmi tí mò ń gbé Kubwa, tí mi ò mọ ṣọ́ọ̀bù káàdì kan tí mo lè lọ béèrè, ni ẹ wá fẹ́ pè ní òmùgọ̀?

Mo pe olè náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ sanwó." Lẹ́yìn ìyẹn, ó bílọ́ọ̀kì mi. Báǹkì ní kí n lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní àgọ́, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ gbé káàdì náà sókè, ó ní, "Páálí yìí lẹ rà ní 380?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti tó bàbá àwọn kan nínú wọn!

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Tí ọdún ara káàdì bá ṣáájú 1996, tí wọ́n ní jẹ́sì wà nínú rẹ̀, irọ́ ni. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ ojúlówó ló máa ń sọ gbangba pé aṣọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìdíje kan pàtó, nítorí náà ẹni tó bá ń dárúkọ ọjọ́ àti pápá, kí ó fi ẹ̀rí hàn. Àwọn kan máa ń yọ ègé aṣọ aláwọ̀ kan tó wà nínú ojúlówó, wọ́n á fi aláwọ̀ mẹ́ta rọ́pò kí ó lè wọ́n sí i; ẹ wá fọ́tò káàdì tó ní nọ́ńbà igun yẹn gan-an lórí eBay, ọjà orí ayélujára, kí ẹ fi wé e. Tó bá wà nínú ike PSA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ káàdì wò bóyá ojúlówó ni, ẹ yẹ nọ́ńbà ara ike náà wò lórí ìkànnì PSA, kí ẹ sì wo fọ́tò, torí wọ́n ń jí nọ́ńbà tòótọ́ lẹ̀ mọ́ ike ayédèrú. Orúkọ àkáǹtì kò bá orúkọ ẹni tó ń tà á mu? Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Tí owó bá ti lọ, wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ pe báǹkì.

Ní tèmi, mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ẹ lè ní mò ń ba àwọn olóòótọ́ lórúkọ jẹ́. Kí olóòótọ́ ṣí ike, kí ó jẹ́ kí n fi dígí wò ó!

Ohun tó mú mi kọ èyí lónìí ni pé àbúrò mi ti Kaduna fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi ní àárọ̀. Wọ́n ti fi káàdì Yekini lọ òun náà, ₦420,000. 09/25 ló wà ní igun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 09/25 wà lọ́wọ́ mi níbí, káàdì méjì kì í sì í jẹ́ nọ́ńbà kan. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. Tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ má sanwó. Ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi kún èyí tí mo ti kó fún àwọn ọlọ́pàá.