Òdòdó ìtàkùn àti igi tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún

Nínú gbogbo ìtàkùn olódòdó tí mo ti gbìn sí ilé, bougainvillea ni mo máa kọ́kọ́ mú fún ẹni tí oòrùn ń pa ọgbà rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá rí oòrùn gangan fún nǹkan bíi wákàtí 6 lóòjọ́, ewé ni yóò máa yọ ṣáá. Àwọ̀ pupa tàbí àlùkò tó ń dán lára rẹ̀ yẹn kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tó wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà fi ń pẹ́ kó tó ṣá.

Kò fẹ́ ìkẹ́jù rárá, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, igbó ni yóò dì. Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná, nítorí náà, bí àwọ̀ bá ti rẹ̀ tán ni kí ẹ gé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o! Ẹ̀gún rẹ̀ mú gan-an, mi ò sì ní gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà sáré.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa jókòó síta lálẹ́, ìtàkùn Combretum indicum (Rangoon creeper) ni kó gbìn. Funfun ló fi ń là, á wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí á fi pupa fòò, débi pé orí ẹ̀ka kan ṣoṣo lè ní oríṣi àwọ̀ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ á sì máa ta sánsán lálẹ́. Àmọ́ agídí rẹ̀ pọ̀: okùn tín-ín-rín kò lè gbé e, bí ẹ kò bá sì máa gé e, yóò gun òrùlé.

Hibiscus, igi kékeré olódòdó, dára fún ẹ̀bá ọgbà. Òdòdó rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ, òmíràn á sì tún là. Oleander, igi kékeré olódòdó mìíràn, ni mi ò ní gbà wọlé láéláé, torí májèlé wà nínú ewé, òdòdó àti igi rẹ̀.

Ní ti igi, ẹ má fi bó ṣe rí nínú ìkòkò yan án o, ẹ bi ẹni tó ń tà á bí yóò ṣe tóbi tó. Delonix regia (flamboyant), ọmọ ilẹ̀ Madagascar, rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ́ bí agbòòrùn, gbòǹgbò rẹ̀ tó ń rìn lókè ilẹ̀ sì lè gbé kọnkéré sókè. Ilé tí àyè rẹ̀ kéré kò lè gbà á.

Igi Plumeria (frangipani) ni mo fọwọ́ sí fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ni òórùn rẹ̀ ń le jù. Ó ń fi tan àwọn àfòpiná ńlá wá, kí wọ́n lè bá a gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn, bẹ́ẹ̀ kò ní omi dídùn kankan tí yóò fún wọn. Bí ewé rẹ̀ bá wọ́ dànù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má hú u, kò tíì kú. Oje funfun rẹ̀ lè mú kí ara máa yún yín. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka láti fi gbìn, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji títí ojú ibi tí ẹ gé yóò fi gbẹ, kí ẹ tó rì í sínú iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn. Bí ẹ bá gbìn ín nígbà tí oje ṣì ń kán, ó lè jẹrà.