Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní London, ẹ má ra lọ́ọ̀kì àti hángà tí wọ́n ń tà pọ̀ yìí o

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe dẹlífárì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọ́n ti ń sọ fún yín pé tẹ́ ò bá ra lọ́ọ̀kì tó wúwo olè á gbé kẹ̀kẹ́ lọ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fi ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó jáde lọ́jọ́ Sunday. Ọkùnrin kan wà tó máa ń pààrà àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ta nǹkan látinú bọ́ọ̀tù mọ́tò, ìhà gúúsù London níbí. Ṣéènì ńlá ló ń tà, pẹ̀lú àgádágodo ẹ̀, àti hángà tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tí wọ́n á fi gbé e kọ́ férémù, gbogbo ẹ̀ 60 pọ́n-ùn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń dá a.

Tẹ́ ẹ bá ti dúró báyìí, á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wò". Ibẹ̀ ló ti ń mú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá gbé e, apá yín á wálẹ̀, ẹ̀rù á sì ti ba olè lójú yín. Èmi náà gbé e, mo sì rà á, mo wọ̀n ọ́n nílé, kìlógíráàmù 4 àti ààbọ̀. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti tan èèyàn jẹ ni pé ojúlówó náà wúwo bẹ́ẹ̀, New York Fahgettaboudit tí Kryptonite ń ṣe, onímítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìló 5, àmọ́ ìyẹn ju 100 pọ́n-ùn lọ.

Hángà yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Páìpù pọ́ńbà onírọ́bà ló là sí méjì, ó wá fi bóòtù méjì dè é mọ́ ihò tí wọ́n ń de nǹkan ìgbómi mọ́, ó fi kílíìpù tí wọ́n fi ń fún họ́ọ̀sì le e. Ẹ wo nǹkan yìí dáadáa: ihò yẹn, tìtorí ike omi ni wọ́n ṣe dá a síbẹ̀, bóòtù mílímítà 5 ló ń gbà, ike omi tó kún fọ́fọ́ gan-an kì í sábà tó kìló kan. Òun wá gbé kìló 4 àti ààbọ̀ kọ́ ọ, gbogbo kòtò tẹ́ ẹ bá sì ti wọ̀, ṣe ni ẹrù yẹn ń fò sókè tó ń já lu bóòtù yẹn. Páìpù onírọ́bà náà sì máa ń gan tí òtútù bá mú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, inú January, alẹ́, mo wà lórí Old Kent Road, mo wọ kòtò kékeré kan báyìí, páìpù yẹn là, ṣéènì já sílẹ̀ ó sì kó wọ sípókù táyà iwájú, ó lọ há sí fọ́ọ̀kì, táyà dúró gbagidi, èmi ò dúró, mo gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò lọ síwájú. Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn mi. Ọlọ́run ló ní kí dírẹ́bà yẹn tètè tẹ bíréèkì. Ọrùn ọwọ́ mi wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mi ò lè ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ò bá gun kẹ̀kẹ́ kò sówó.

Mo ṣì ń rò ó pé ó kéré tán lọ́ọ̀kì yẹn dáa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe wẹ́dà ní Mushin kó tó wá síbí ló wá kí mi, ó bọ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ṣéènì, ó mú fáìlì bí èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ó fi rà á lára. Ó ní irin tí wọ́n ti fi iná mú le, fáìlì á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni, kò ní jẹ ẹ́. Tèmi, fáìlì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, irin ń dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Ó ní irin géètì lásán ni. Ó mú ayùn ọwọ́, kì í ṣe gíráńdà o, ayùn ọwọ́, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti gé e. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì tún rí róbótó bíi páìpù kékeré, irú èyí tí wọ́n fi gègé Bic ṣí lọ́dún 2004 tí gbogbo ayé rí i, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ní láti máa pààrọ̀ lọ́ọ̀kì fáwọn èèyàn.

Ara ẹ̀ ni wọ́n lẹ sítíkà "Gold" mọ́. Ẹnikẹ́ni lè tẹ sítíkà. Sold Secure tó ń dán lọ́ọ̀kì wò ní ìlú yìí (Bronze, Silver, Gold, Diamond ni wọ́n ń pín in sí) ní lísìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ lọ́ọ̀kì náà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ojú ibẹ̀ náà lẹ ti lè wò ó lórí fóònù. Tèmi ò sí níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe hángà fúnra yín o. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kárìá ẹ̀yìn, wọ́n sábà máa ń kọ iye tó lè gbé sí i lára, ọ̀pọ̀ jẹ́ kìló 25, ẹ yí ṣéènì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gé tíúbù àtijọ́ kẹ́ ẹ fi so ó pinpin kí orí ẹ̀ má yọ sápá táyà. Tèmi nìyẹn báyìí, kì í mì rárá. Ẹ má gbé e kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ má sì tì í pa mọ́ ìbàdí, tẹ́ ẹ bá ṣubú ẹ̀yìn yín ló máa lù.

Ní ti owó, òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún wa ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tí kò dáa padà fún oníṣòwò, àmọ́ káàṣì ni mo san, kò fún mi ní rìsíìtì, nígbà tí mo pè é ó ti bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà mi. Mo ti fẹjọ́ sùn ní Citizens Advice, ibi tí wọ́n ti ń fún aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ló ń gbé e dé Trading Standards, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú oníṣòwò tó bá ń rẹ́ni jẹ. Tẹ́ ẹ bá ti ra irú ẹ̀, ẹ tú hángà yẹn kúrò lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́la, ẹ ya fọ́tò lọ́ọ̀kì àti sítíkà náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìnbọ́ọ̀sì, kí n lè kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹjọ́ tí mo ti fi sùn.